Caroline Herschel àti Máàpù Ojú Ọ̀run

Ẹ̀yin ọmọ, bí ilẹ̀ bá ṣú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí òṣùpá, ẹ jáde sí gbangba kí ẹ sì gbé ojú sókè. Ẹ ó rí ìràwọ̀ tí ó pọ̀ bí yanrìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wà láyé tí wọ́n mọ ìràwọ̀ bí darandaran ṣe mọ àwọn màlúù rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Caroline Herschel, ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé.

A bí Caroline ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1750, ní ìlú Hanover, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí. Isaac ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó máa ń fun fèrè fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí Caroline wà ní kékeré, ìgbóná ṣe é, ó sì fi àpá sí i lójú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ibà líle kan tún kọlù ú. Kò kú, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti ga mọ́. Títí ó fi di arúgbó, kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 3 lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ga jù ú lọ.

Àwọn òbí rẹ̀ rò pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ gbà pé ìwé ni ó gba àwọn ọmọkùnrin òun kúrò nílé, nítorí náà kò fẹ́ kí Caroline kọ́ púpọ̀. Ó ní kí ó máa fọ aṣọ, kí ó máa ṣe ìtọ́jú ilé, kí ó sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Bàbá rẹ̀ ni ó máa ń yọ́ kọ́ ọ ní orin díẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò bá sí nítòsí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, bàbá yìí mú un jáde sí òpópónà, ó sì fi ìràwọ̀ onírù kan tí ó yọ nígbà náà hàn án, àti díẹ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ yòókù. Caroline kò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ náà títí láé.

Bàbá náà kú ní ọdún 1767. William, ẹ̀gbọ́n Caroline, ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ìgbà náà, ó sì ń fi orin kíkọ́ni ṣe iṣẹ́ ní ìlú Bath. Ní ọdún 1772, ó wá mú àbúrò rẹ̀ lọ. Ìyá wọn kò fẹ́ kí ó lọ, àfi ìgbà tí William ṣèlérí pé òun yóò máa san owó tí yóò fi gba ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn. Ẹni ọdún méjìlélógún ni Caroline nígbà náà, kò sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ní Bath, William kọ́ ọ ní orin, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, nígbà mìíràn nídìí tábìlì oúnjẹ àárọ̀. Ìṣirò kò yé e kíákíá. Kò lè ka ìsodipúpọ̀ sórí bí ẹ̀yin ṣe ń kà á lójoojúmọ́. Ńṣe ni ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tí ó ń kó sí àpò. Síbẹ̀, ẹni yìí kan náà ni ó padà ṣe ìṣirò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀.

Láìpẹ́, ìràwọ̀ wíwò gba William lọ́kàn ju orin lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn awò gígùn tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà. Irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe dígí inú wọn, ìgbẹ́ ẹṣin sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ibi tí wọ́n ń da irin náà sí. Caroline ni ó ń gún ìgbẹ́ náà nínú odó, tí ó sì ń fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú. Nígbà kan, William dán dígí fún wákàtí mẹ́rìndínlógún láì gbé ọwọ́ kúrò, àbúrò rẹ̀ sì ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ní oṣù Kẹta ọdún 1781, William rí Uranus, tí ń yí oòrùn ká bí ayé wa ti ń yí i ká. Nítorí èyí, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó fún un lọ́dọọdún kí ó lè máa wo ojú ọ̀run.

Láti ìgbà náà, òru di ọ̀sán fún àwọn méjèèjì. William yóò wà nídìí awò ní ìta, yóò sì máa ké sí Caroline, tí ó jókòó nídìí fèrèsé pẹ̀lú fìtílà, aago, ìwé àti máàpù ojú ọ̀run tí John Flamsteed ṣe. Caroline yóò kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, yóò sì wo máàpù láti mọ ibi tí wọ́n dé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1783, ó ń sáré nínú yìnyín láti jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì yọ̀ ṣubú. Ìwọ̀ irin ńlá kan, irú èyí tí àwọn alápatà fi ń kọ́ ẹran, wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì já ẹran ibẹ̀ jáde. Ohun tí ó fi tu ara rẹ̀ nínú ni pé ìkùukùu bo ojú ọ̀run ní ìyókù òru náà, nítorí náà iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun kò fi bẹ́ẹ̀ dúró.

Báwo ni a ṣe ń lo irú máàpù bẹ́ẹ̀? Àmì kékeré ni ó dúró fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá mọ́lẹ̀ jù ni àmì rẹ̀ tóbi jù. Àwọn ará àtijọ́ kó àwọn ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí ara wọn jọ, wọ́n fi wọ́n ya àwòrán ọdẹ, ajá, akọ màlúù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbájọ ìràwọ̀ ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó hàn gbangba ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Orion, ọdẹ náà, ní ìràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò gbọọrọ bí ìgbànú. Àwa náà máa ń rí wọn lálẹ́ nígbà ọyẹ́. Bí o bá tẹ̀lé ìlà wọn lọ sí apá kan, ìwọ yóò kan Sirius, tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ. Bí o bá tẹ̀lé e lọ sí apá kejì, ìwọ yóò kan Aldebaran, ojú akọ màlúù, tí ó pọ́n díẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé ìlà-oòrùn wà ní apá òsì lórí máàpù yìí. Òkè ni a ti ń wo ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ni a sì ti ń wo ọ̀run. Na máàpù náà sókè orí rẹ, yóò sì bá ojú ọ̀run mu.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1786, William rin ìrìn-àjò lọ sí Jámánì. Caroline nìkan ni ó ń wo ọ̀run nílé wọn ní Slough. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù náà, ó rí ohun kan tí ó dà bí ìkùukùu kékeré níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Ìràwọ̀ kì í kúrò láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ onírù ń rìn lójoojúmọ́. Nítorí náà, ó ní láti tún un wò ní ọjọ́ kejì. Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà! Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago kan òru, ojú ọ̀run ti mọ́ díẹ̀, ó wò ó, ohun náà sì ti kúrò níbi tí ó wà. Ìràwọ̀ onírù ni lóòótọ́. Ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì wá wò ó fúnra wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọba bẹ̀rẹ̀ sí í san pọ́n-ùn 50 fún un lọ́dún. Títí di ọdún 1797, ó rí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ. Ó gun ẹṣin ní nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì lọ sí Greenwich láti lọ ròyìn èyí tí ó kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n èmi gbà pé iṣẹ́ tí ó ṣe lé orí ìwé Flamsteed ni ó ga jù. Flamsteed ti kú ní ọdún 1719, àṣìṣe sì wà nínú ìwé ìràwọ̀ rẹ̀. William a máa wá ìràwọ̀ tí ìwé sọ pé ó wà, kò ní rí i. A sì tún máa rí òmíràn tí kò sí nínú ìwé. Caroline yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ ọkùnrin náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà á ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Ó rí i pé Flamsteed ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìràwọ̀ tí ó lé ní 560, tí kò sì sí wọn nínú ìwé náà. Wọ́n tẹ iṣẹ́ Caroline jáde ní ọdún 1798.

Nígbà tí William kú ní ọdún 1822, Caroline padà sí Hanover. Ó tún to nǹkan bí 2,500 ohun tí ó dà bí ìkùukùu lójú ọ̀run sínú ìwé fún John, ọmọ William, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1828. John gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ó ti wo apá ọ̀run tí a kò lè rí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Caroline kú ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 1848, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Nínú pósí rẹ̀, wọ́n fi ìdì irun William kan sí i, àti ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń lò.