Mendel fìdí rẹmi nínú ìdánwò olùkọ́, òun ló ṣì ń kọ́ wa nípa AS àti SS

Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì wo ló parí SS3 ní Ìkẹjà tàbí Agége tí kò mọ orúkọ Gregor Mendel? Wọ́n á ya àpótí onígun mẹ́rin yẹn sínú ìwé, wọ́n á ṣe WAEC, ó parí. Ọdún díẹ̀ sí i, àwọn kan náà á jókòó síwájú pásítọ̀ pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò genotype lọ́wọ́, AS àti AS, ojú á wá máa ṣe wọ́n bàìbàì. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ bàbá yìí nìyẹn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ọdún 1822 ni wọ́n bí i ní abúlé Heinzendorf, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Nígbà tí owó ilé-ìwé di ìṣòro, Theresia àbúrò rẹ̀ ló yọ nínú owó tí wọ́n tọ́jú dè é fún ìgbéyàwó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kàwé. Ní 1843, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì ní ìlú Brünn. Ó ṣe ìdánwò olùkọ́ ní 1850, ó fìdí rẹmi. Ó tún gbìyànjú ní 1856, kò tún bọ́ sí i.

Ọdún 1856 yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀wà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní pea sínú ọgbà. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ó bu lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó èyí tí kóró rẹ̀ rogodo sínú òdòdó èyí tó hunjọ, àti òdì kejì rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló jáde ní rogodo. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn bímọ, 5,474 rogodo, 1,850 hunjọ. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Àṣé èyí tó hunjọ kò kú, ó sá pamọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni S ṣe ń sá pamọ́ sára bàbá àti ìyá tí ara wọn le koko. Nílé tí wọ́n ti ń sin ọmọ léraléra, abíkú la máa ń pè é, ìyá la sì máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn méjèèjì ni S ti wá.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Irọ́ ni o! Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ń bẹ fún oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kì í ka ọmọ. Mendel fúnra rẹ̀ rí i: igi kan so 43 rogodo, 2 péré ló hunjọ, òmíràn so 14 rogodo, 15 hunjọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kóró ló kà kí mẹ́ta sí ọ̀kan tó fojú hàn. Ta ló fẹ́ bí ẹgbẹ̀rún ọmọ nínú wa?

Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ sétí ìgbìmọ̀ ní 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, ìwọ̀nba èèyàn ló kà á sí. Ó di olórí ilé mọ́ńkì ní 1868. Èmi tí mo ka lọ́ọ̀ fẹ́ràn apá tó tẹ̀ lé e: ìjọba ṣòfin owó orí lé àwọn ilé mọ́ńkì lórí ní 1874, bàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sí wọn títí ó fi kú ní January 6, 1884. Ẹni tó gbapò rẹ̀ dáná sun àwọn ìwé rẹ̀.

Ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ hú iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi máa di 1949, tí James Neel ní Amẹ́ríkà àti Beet, dókítà kan nílẹ̀ Áfíríkà, fi hàn pé bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ nìyẹn, Mendel ti lo ọdún 65 nínú sàréè.