Julius Bernstein

Julius Bernstein (18 Oṣù Kejìlá 1839 – 6 Oṣù Kejì 1917) jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ ara, ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Ìlú Berlin ni wọ́n ti bí i. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Halle ní 1872.

Àbá rẹ̀ ti 1902 ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó gbà pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, pọtásíọ̀mù nìkan ni awọ rẹ̀ ń jẹ́ kí ó kọjá, èyí tí ó ń mú kí iná mànàmáná inú rẹ̀ jẹ́ òdì. Bí iṣan bá sì ta jí, ìyàtọ̀ iná náà yóò pòórá. Apá kejì yìí ni àyẹ̀wò Hodgkin àti Huxley tako ní 1939. Apá àkọ́kọ́ ṣì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bernstein kú láìmọ àwọn ihò tí pọtásíọ̀mù ń gbà jáde. Àwọn kan nínú wọn máa ń ṣí nígbà tí awọ sẹ́ẹ̀lì bá nà, wọn kì í sì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà tètè ta jí.