Golay àti Ìgbì Tó Ń Ga Jù
Ohùn òkè inú èdè ni mo rò nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ìgbì rédíò ń ga jù. Agbára ni wọ́n ń sọ. Bí ẹni tó ń fi rédíò ṣe fàájì bá rán ìró púpọ̀ pọ̀, tí gbogbo wọn ga lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á gé wọn lórí, iṣẹ́ tó rán á dàrú.

Marcel Golay, ọmọ Switzerland tí wọ́n bí ní 1902, kò wá ojútùú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ló ń wọ̀n tó fi hùmọ̀ ọ̀wọ́ àmì + àti − méjì: àléébù ọ̀kan, èkejì á pa á rẹ́. Bí a bá fi ọ̀kan to ìró yẹn, agbára tó ga jù kò ní kọjá ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba. Ó kú ní 1989. Ọdún 1999 ni Davis àti Jedwab fi hàn pé ọ̀wọ́ rẹ̀ lè tún àṣìṣe ṣe pẹ̀lú.