Gallup, ẹni tó tú àṣírí àwọn òǹkàwé

Ọdún 1901 ni wọ́n bí George Gallup nílùú Jefferson, ní ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá béèrè ohun téèyàn kà nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ìjọba ni ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní púrúǹtù. Gallup kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbọ́. Ṣe ló ń bá òǹkàwé jókòó, tí wọ́n á jọ máa ṣí ìwé ìròyìn náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa sàmì sí ohun tónítọ̀hún kà gan-an. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń kà ju ìròyìn ojú ewé kìíní lọ. Iṣẹ́ yìí ló fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Iowa lọ́dún 1928.

Àwọn tó ń náwó sórí ìpolówó ọjà fẹ́ mọ ibi tówó wọn ń wọlẹ̀ sí, èyí ló mú kí iléeṣẹ́ Young & Rubicam gbà á síṣẹ́ ní New York lọ́dún 1932. Lọ́dún 1935, ó dá iléeṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1984 ló jáde láyé, lẹ́ni ọdún 82.