James Young Simpson: Dókítà tó gbógun ti ìrora ìrọbí

Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, ọdún 1811 ni wọ́n bí James Young Simpson ní ìlú Bathgate, ní ilẹ̀ Scotland. Búrẹ́dì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe tà. Ẹbí pawọ́ pọ̀ rán an lọ sí Yunifásítì Edinburgh nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14. Níbẹ̀ ló ti rí obìnrin kan tí wọ́n ń gé ọmú rẹ̀ láìsí oògùn akunnilóorun kankan. Àánú obìnrin náà ṣe é débi pé díẹ̀ ló kù kó pa iṣẹ́ ìṣègùn tì. Ṣùgbọ́n ó fara dà á, nígbà tó sì di ọdún 1840, òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìgbẹ̀bí ní yunifásítì náà.

Lọ́dún 1846, ìròyìn dé láti Amẹ́ríkà pé wọ́n ti ń fi ether kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Àwọn aboyún ló sọ sí Simpson lọ́kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1847, ó fún obìnrin kan tó ń rọbí ní ether fà símú. Oògùn náà ṣiṣẹ́, àmọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, ó ń múni wúkọ́, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò sì pọ̀ jù. Ló bá ń wá òmíràn, ara òun àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fi ń dán wọn wò, ohun tí dókítà òde òní kò gbọ́dọ̀ ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún náà, òun, Keith àti Duncan fa chloroform símú nídìí tábìlì ilé rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ṣubú lulẹ̀, tí wọ́n sùn lọ fọnfọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti lò ó fún aboyún.

Àwọn kan tako o pé Ọlọ́run ló fi ìrora ìbímọ lé Éfà lọ́wọ́. Simpson náà mọ Bíbélì. Ó rán wọn létí pé Ọlọ́run kun Ádámù lóorun kó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Èyí tó le jù ni ti Hannah Greener, ọmọ ọdún 15, tó kú sábẹ́ chloroform ní oṣù kìíní ọdún 1848, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Simpson kò gbà pé oògùn náà ló pa á. Níbi yìí, ìfẹ́ tó ní sí chloroform bò ó lójú, nítorí oògùn náà lè dá ọkàn dúró lójijì.

Lọ́dún 1853, Ọbabìnrin Victoria gbà á nígbà tó ń bí Leopold, ẹnu àwọn alátakò sì rọ̀. Kì í ṣe Simpson ló fún un, John Snow ni.

Lónìí, wọn kì í lo chloroform fún aboyún mọ́. Bupivacaine tàbí ropivacaine ni wọ́n sábà ń fi sí ẹ̀yìn ẹni tó bá fẹ́ epidural, ojú rẹ̀ yóò sì là kedere títí ọmọ yóò fi wáyé. Àwọn dókítà ṣì ń fi oògùn méjèèjì wé ara wọn, láti mọ èyí tí yóò pa ìrora láìsọ ẹsẹ̀ ìyá di aláìlágbára, tí ewu rẹ̀ fún ọkàn yóò sì kéré.

Simpson kú ní ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 1870. Wọ́n fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kọ̀. Itẹ́ òkú Warriston ní Edinburgh ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ kú wà.