Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, Ẹni tí Ó Bá Ìgbóná Jà

Freetown ni a ti bí Ògúntọ́lá Sàpàrà ní 1861. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba, ó sì di dókítà ìjọba ní Èkó ní 1896.

Ìgbóná ń pa tọmọdé tàgbà nígbà náà, láti Èkó títí dé Ẹ̀pẹ́ ní ìhà tiwa yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Sàpàrà fi ẹ̀mí wéwu: ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná ní bòókẹ́lẹ́, ó sì jábọ̀ pé èépá ara aláìsàn ni wọ́n fi ń tan àrùn náà. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà.

Ó papòdà ní 1935. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀.