Marty Robbins, Akọrin Tí Ó Ń Fi Ọkọ̀ Sáré Ìje

Ẹ̀yin tí a jọ gbé inú ilé ẹ̀kọ́ yìí yóò rántí pé orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà kò ṣàjèjì sí etí wa. Jim Reeves ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, nítorí pé rédíò kì í jẹ́ kí ó sinmi. Ní tèmi, Marty Robbins ni mo yàn láàyò, kì í sì í ṣe nítorí ohùn rẹ̀ nìkan.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925 ni a bí i nítòsí Glendale, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ìbejì ni òun àti arábìnrin rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò pè é ní Táíwò tàbí Kẹ́hìndé níbẹ̀. Martin David Robinson ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá ìyá rẹ̀ a máa pa ìtàn àwọn darandaran elẹ́ṣin fún un, ìtàn wọ̀nyí ni ó sì sọ di orin lẹ́yìn náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Ẹnu iṣẹ́ náà ni ó ti kọ́ gìtá. Ní 1953 wọ́n gbà á sí Grand Ole Opry, ètò orin rédíò tí ó lókìkí ní Nashville. Ní 1959 ó gbé El Paso jáde, orin tí ó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ní àkókò tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kì í fẹ́ orin gígùn. Ó gba ẹ̀bùn Grammy lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré ìje ọkọ̀ ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé, yóò sáré ìje ní Nashville tán, yóò sì yára lọ sí Opry, níbi tí wọ́n ti fi ìpín ìkẹyìn, ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ òru, sílẹ̀ dè é. Kì í sì í tètè parí! Ìgbà 35 ni ó kópa nínú ìdíje ńlá NASCAR. Kò borí rí. Ipò karùn-ún, ní Michigan ní 1974, ni ó ga jù fún un.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1972, ní Talladega ní ìpínlẹ̀ Alabama, ọkọ̀ rẹ̀ ṣàdédé ń ya àwọn ògbóǹtagí sílẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ìdíje parí, wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn ẹni tuntun tí ó ta yọ, ó sì kọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ pé òun ti yọ irin tí òfin ní kí ó wà lẹ́nu kábúrétọ̀ láti dín eré ọkọ̀ kù, nítorí pé ó wu òun láti mọ bí iwájú ti rí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fagi lé ipò rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ó dá, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mú un.

Èkejì ni ti Charlotte ní 1974. Ọkọ̀ Richard Childress dúró gbọọrọ dí ojú ọ̀nà, Robbins sì ń bọ̀ pẹ̀lú eré burúkú. Bí ó bá lọ tààrà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò gbá. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sọ ògiri. Wọ́n rán ojú rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣẹ́. Childress wà láàyè, ó sì di olówó ọkọ̀ tí Dale Earnhardt fi gba ife-ẹ̀yẹ NASCAR lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí ó ṣe èyí ti ní àìsàn ọkàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni àwọn dókítà ti la àyà rẹ̀ láti ya ọ̀nà tuntun mẹ́ta fún ẹ̀jẹ̀, nígbà tí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún náà ni orin tí ó kọ láti yin Marizona, aya rẹ̀, jáde. Ó tún padà sí ìdí ọkọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 1982 ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìrántí àwọn akọrin ìgbèríko. Ní oṣù Kọkànlá ó sáré ìje rẹ̀ ìkẹyìn ní Atlanta. Ọkàn náà tún dá a gúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ó kú ní Nashville ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ní ẹni ọdún 57.